Àpìkẹ́ Kò Tíì Dé

"Ẹ ki ìkòkò yẹn sínú àpò Àpìkẹ́," ni Cecilia wí. "Ṣebí òun ló ń bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ bá wa lọ."

Kùrukùru òwúrọ̀ ṣì bo orí òkè mọ́lẹ̀ ní Ìmèsí-Ilé. Ní ẹsẹ̀ òkè náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé Mọ́dà kan láti Iléṣà, ilé-ìwé tí a ń lọ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, ti ń di ẹrù wọn. Ọkọ̀ lọ́rì ló gbé wọn gba Ìbòkun wá ní ìdájí, ó sì ti jù wọ́n sókè sódò títí ìdí fi ń ro kálukú. Gbogbo wọn ló gbé àpò kánfáàsì kọ́ ẹ̀yìn, èyí tí télọ̀ fi okùn méjì sí kí ó lè há èjìká. Aṣọ ìbora, oúnjẹ àti ìgò omi ló wà nínú rẹ̀, nítorí wọn yóò gun òkè náà kọjá sí Ìgbájọ, wọn yóò sùn síbẹ̀, kí lọ́rì tó wá kó wọn padà sílé lọ́jọ́ kejì.

Ìbíjọkẹ́ wo ìkòkò irin náà. Òun ni olórí ẹgbẹ́ wọn, ó sì mọ̀ pé àdéhùn ni pé kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa gbà á fún ara wọn gbé. Ọdúntán tó jẹ́ ọkùnrin kan ṣoṣo láàárín wọn ni ó yẹ kó kọ́kọ́ gbé e. Ṣùgbọ́n Ọdúntán ti yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń súfèé. Cecilia sì ń wo Ìbíjọkẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni tí ń dúró wo ohun tí yóò ṣe.

"Àpìkẹ́, gbé e," ni Ìbíjọkẹ́ wí. "Bí a bá dé àárín òkè, a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ."

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi," ni Àpìkẹ́ dáhùn.

Bí ìkòkò ti wọlé tán, Ọdúntán ki iṣu tirẹ̀ bọ inú àpò kan náà. Cecilia náà ki bàtà tó fẹ́ wọ̀ ní Ìgbájọ sí i. Àpìkẹ́ tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí ẹrù náà má baà fà á ṣubú sẹ́yìn.

Ọmọ àbúrò bàbá Ìbíjọkẹ́ tó jẹ́ obìnrin ni Àpìkẹ́. Òṣogbo ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ sì kú sí. Nígbà tí bàbá rẹ̀, Béjidé, tí ń ta obì ní Ọjà Ọba, rí i pé òun nìkan kò lè tọ́ ọmọbìnrin tó ń bàlágà, ó mú un wá sí Iléṣà pé kí ó bá àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ gbé. Láti ọjọ́ náà ni Ìbíjọkẹ́ ti ń bá a pín ẹní, tí ó ń bá a pín ọṣẹ, tí ó ń bá a pín ìyá. Àpìkẹ́ kì í jà, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ Òṣogbo tí ń pe "uṣu" ní "iṣu" láàárín àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹni ẹ̀rín ni ní kíláàsì, ìtìjú ẹ̀rín náà sì máa ń ta bá Ìbíjọkẹ́. Nígbà mìíràn, bí àwọn ọ̀rẹ́ bá béèrè pé ta ni Àpìkẹ́ jẹ́ sí i, yóò ní, "Ọmọ kan tó ń gbé ilé wa ni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó jáde nílé, ìyá rẹ̀ ti di ọwọ́ àwọn méjèèjì mú. "Ẹ jọ lọ, kí ẹ jọ bọ̀," ni ó wí. Ìbíjọkẹ́ dáhùn pé "Àṣẹ, Màmá," ó sì yára fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò, nítorí pé lọ́rì ti ń fọn fèrè.

Tíṣà Adéjọbí pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì dákẹ́. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó fẹ́ràn ìtàn ju oúnjẹ lọ.

"Ẹ wo ọ̀nà yìí dáadáa," ni ó wí. "Ní ayé àwọn bàbá-ńlá yín, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì pa ibùdó ogun síhìn-ín. Àwọn ará Ìbàdàn pa tiwọn sí ìhà Ìgbájọ lọ́hùn-ún. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi kọjú ìjà sí ara wọn. Ìró àgbá tó ń dún láàárín òkè wọ̀nyí ni wọ́n fi ń pe ogun náà ní Kírìjì. Àwọn tó gba ọ̀nà yìí nígbà náà kò rìn ín fún eré. Ẹlòmíràn gbé oúnjẹ, ẹlòmíràn gbé ẹni tí ọta bà. Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo ni mo fún ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wúwo jù lọ nínú yín, iwájú ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ̀yin yòókù máa tẹ̀lé ìrìn rẹ̀. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lẹ́yìn. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, sà!"

Òun fúnra rẹ̀ bọ́ síwájú, kí ó lè dúró dè wọ́n lórí òkè. Mísìs Ọlọ́rundáre, tíṣà obìnrin tó bá wọn wá, yóò bá ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn rìn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú Ìbíjọkẹ́. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ ọ́ kiri pé nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ yìí ni wọn yóò ti yan olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin fún ọdún tó ń bọ̀, àti pé ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ débẹ̀ ni yóò gbà á. Kò sí tíṣà tó sọ bẹ́ẹ̀. Cecilia ló sọ ọ́, bàbá Cecilia sì jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kan, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dà bí òótọ́ létí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Wọ́n sọdá odò kékeré kan ní ìsàlẹ̀, wọ́n gba inú oko kòkó kọjá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò pẹ́ tí ọ̀nà náà fi dá dúró bí àkàbà. Òkúta kan á yọrí, gbòǹgbò igi á yọrí, òkúta mìíràn á tún tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀bọ ń pariwo lókè igi bí ẹni pé wọ́n ń fi wọ́n ṣẹlẹ́yà. Ìbíjọkẹ́ rántí òfin tíṣà, ó sì fi Àpìkẹ́ síwájú. Bàtà kánfáàsì tí Ìbíjọkẹ́ ti wọ̀ gbó ni Àpìkẹ́ wọ̀, ó sì há a lẹ́sẹ̀. Ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀.

"Ìbí, wò ó," ni Cecilia wí. Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀. Ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé wọn ti yọ láàárín igi. "Wọ́n ti fẹ́ bá wa. Bí a bá ń tẹ̀lé ìgbín, ilẹ̀ yóò ṣú wa síhìn-ín."

"Ẹ jẹ́ kí a gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀," ni Ìbíjọkẹ́ wí.

"Ta ni yóò gbé e?" ni Cecilia béèrè. "Ìwọ?"

Ọdúntán rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, Ìbíjọkẹ́ bọ́ síwájú Àpìkẹ́. Cecilia bọ́ síwájú, Ọdúntán náà bọ́ síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni Àpìkẹ́ ṣe di ẹni ẹ̀yìn.

Ní ibi àpáta pẹlẹbẹ kan tó ga díẹ̀ lójú ọ̀nà, Àpìkẹ́ jókòó, ó bọ́ bàtà. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ sì ti wọ inú bàtà. Kùrukùru tún ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró dè mí díẹ̀."

Ìbíjọkẹ́ dúró. Ó wo ẹsẹ̀ náà. Àánú ṣe é ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ kejì tí wọ́n ń kọrin bọ̀, ó sì ń wo ẹ̀yìn Cecilia àti Ọdúntán tí kùrukùru ti ń gbé mì.

"Sinmi díẹ̀, kí o máa bọ̀," ni ó wí. "Ọ̀nà kan náà ni. O ó bá wa lókè."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má lọ o."

Ìbíjọkẹ́ yí padà, ó sì fi ìrìn kún ìrìn. Ó gbọ́ tí Àpìkẹ́ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn náà kò le, bí ẹni tí kò fẹ́ da ènìyàn láàmú. Kò wẹ̀yìn.

Lókè díẹ̀ sí àpáta náà, ọ̀nà pín sí méjì láàárín igbó. Ti ọ̀tún ló lọ sórí òkè. Ti òsì lọ sí oko kan tí wọ́n ti pa tì tipẹ́. Tíṣà ti fi ewé ọ̀pẹ tútù dí ti òsì kí wọ́n má baà ṣìnà, ṣùgbọ́n Ọdúntán ti ta ewé náà dànù bí ó ti ń sáré kọjá. Ìbíjọkẹ́ rí ewé náà nílẹ̀. Ó ní kí òun tún un ṣe, ó sì tún ní kò sí àyè.

Àwọn ló kọ́kọ́ dé òkè. Tíṣà Adéjọbí dìde lórí òkúta tó jókòó lé, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ ti kà wọ́n ni ẹ̀rín náà kúrò.

"Ẹni kẹrin yín ńkọ́? Àpìkẹ́ dà?"

Ìbíjọkẹ́ la ẹnu. Cecilia ló ti ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Sà, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Etí odò ìsàlẹ̀ ló ti ní òun kò lè lọ mọ́, pé òun yóò dúró de Mísìs."

"Ìbíjọkẹ́, ìwọ ni olórí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ìbíjọkẹ́ rò ó pé kò pẹ́ tí Àpìkẹ́ yóò fi yọ, pé bí ó bá yọ, ọ̀rọ̀ náà yóò parí síbẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni ó wí.

Ọkàn tíṣà balẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mísìs yóò mú un bọ̀."

Ẹgbẹ́ kejì dé, ẹ̀kẹta dé; ohùn àwọn tó ti débẹ̀ ni wọ́n tẹ̀lé nínú kùrukùru. Ẹnì kankan kò rí Àpìkẹ́ lójú ọ̀nà, wọn kò sì wá a, nítorí wọn kò mọ̀ pé ó nù. Lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀run ṣú. Òjò ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, wọ́n sì sá sábẹ́ àpáta tó ṣíji bo ilẹ̀. Ìbíjọkẹ́ jókòó, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Bí ẹnìkan bá yọ, yóò fò dìde. Bí ó bá rí i pé kì í ṣe Àpìkẹ́, yóò tún jókòó.

Nígbà tí òjò ń dá díẹ̀díẹ̀, Mísìs Ọlọ́rundáre dé pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn, omi ń ro lára wọn.

"Àpìkẹ́ ńkọ́?" ni tíṣà béèrè.

"Àpìkẹ́ wo?" ni Mísìs wí. "Ṣebí ẹgbẹ́ Ìbíjọkẹ́ ni ó wà?"

"Wọ́n ní ó dúró dè yín létí odò."

"Odò wo? A sinmi létí odò. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ rárá."

Tíṣà Adéjọbí yíjú padà. Kò pariwo. "Ìbíjọkẹ́, ronú dáadáa kí o tó dá mi lóhùn. Ibo gan-an ni ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀ sí?"

Àyè rẹ̀ rèé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá sọ, wọn ì bá sì ti bá Àpìkẹ́ kí ó tó pẹ́. Ṣùgbọ́n Cecilia ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ aṣọ, gbogbo ojú sì wà lára rẹ̀. Ó rí i pé bí òun bá sọ òótọ́ nísinsìnyí, òun á ti di òpùrọ́ lójú gbogbo ilé-ìwé.

"Létí odò ni, sà."

Tíṣà mú àwọn ọmọkùnrin tó lágbára, Ọdúntán wà lára wọn, ó sì ní kí Ìbíjọkẹ́ náà bá wọn lọ fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń ṣubú. Wọ́n kọjá ibi tí ọ̀nà ti pín, wọ́n kọjá àpáta pẹlẹbẹ. Ìbíjọkẹ́ wo àpáta náà. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ó mú ojú kúrò níbẹ̀, ó sì ń bá wọn sáré lọ.

Nígbà tí wọ́n dé odò, kì í ṣe odò àárọ̀ mọ́. Òjò ti kún un, omi náà pọ́n, ó ń gbé igi lọ. Ọkùnrin àgbẹ̀ kan tó ń ti oko kòkó rẹ̀ bọ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì káwọ́ lérí.

"Bí ó bá jẹ́ pé etí omi yìí ló wà nígbà tí òjò rọ̀," ni ó wí, "kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí ohun tí a kò fẹ́ rí."

Tíṣà Adéjọbí bọ́ bàtà. Ó gba ọ̀pá gígùn lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà, ó sì wọ inú omi. Omi dé ìbàdí rẹ̀, ó dé àyà rẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá tú ìsàlẹ̀, ó ń pe, "Àpìkẹ́! Àpìkẹ́!" Lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, omi gbé e, ọpẹ́lọpẹ́ àgbẹ̀ náà tó dì í lápá mú. Nígbà tó tún gbé orí sókè, ẹkún ló ń sun. Ìbíjọkẹ́ kò rí i rí kí tíṣà ọkùnrin sunkún.

"Sà!" Ó ké, ohùn rẹ̀ sì ya. "Ẹ jáde, sà! Kò sí nínú omi! Irọ́ ni mo pa! Òkè ni mo fi í sílẹ̀ sí, lórí àpáta pẹlẹbẹ, kí ọ̀nà tó pín!"

Tíṣà jáde wá. Ìbíjọkẹ́ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń retí ìgbátí. Kò gbá a. Ó kàn wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Láti àárọ̀?" ni ó wí. "O mọ̀ láti àárọ̀?"

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gòkè láìwọ bàtà.

Àgbẹ̀ náà ló kọ́kọ́ wo ọ̀nà òsì. Ó fi ẹsẹ̀ tú ewé ọ̀pẹ tó wà nílẹ̀. "Bí kùrukùru bá bolẹ̀ tí ewé yìí kò sí, ọ̀nà yìí ni àjèjì yóò gbà," ni ó wí. "Ó fẹ̀ ju èkejì lọ." Wọ́n gba ibẹ̀ wọ inú oko àtijọ́ náà. Kò jìnnà tí wọ́n fi rí ibi tí ilẹ̀ ti ya, tí koríko ti tẹ́ bí ẹni pé wọ́n wọ́ nǹkan kọjá lórí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ gegele náà ni Àpìkẹ́ wà. Ó ti yọ̀ ṣubú nínú òjò, ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti fà á lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti ṣẹ́, ó ká sábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kì í gbà ká. Ètè rẹ̀ ti funfun. Nígbà tí tíṣà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó la ojú.

"Ẹ má bínú, sà," ni ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mo pẹ́."

Tíṣà Adéjọbí kúnlẹ̀ tì í. Ó rọra tú okùn àpò náà kúrò ní èjìká rẹ̀. Ó gbé àpò náà, ìwúwo rẹ̀ sì yà á lẹ́nu, ó bá ṣí i. Ó yọ ìkòkò irin. Ó yọ iṣu. Ó yọ bàtà aláwọ̀ tuntun kan tí orúkọ Cecilia wà nínú rẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú Ọdúntán àti lójú Ìbíjọkẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdúntán tẹrí ba. Ìbíjọkẹ́ fi ọwọ́ bojú, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè bo ohun tí ojú ti rí.

Wọ́n fi igi àti aṣọ ìbora ṣe ohun tí wọ́n fi gbé Àpìkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ dé Ìmèsí-Ilé, ọkọ̀ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà. Òtútù ti wọ̀ ọ́ láyà kí wọ́n tó débẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò yè é. Ìyá Ìbíjọkẹ́ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Nígbà tó bá wálé láti wá pa aṣọ dà, kò ní bá Ìbíjọkẹ́ wí, kò ní bú u. Ó kàn ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí ń kọjá lára ògiri. Ìyẹn dun Ìbíjọkẹ́ ju ẹgba lọ.

Bàbá Àpìkẹ́ dé láti Òṣogbo. Ìbíjọkẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin níwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà wò ó pẹ́.

"Ìyá Àpìkẹ́ nìkan ni mo sin," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Mo rò pé láàárín ẹbí ni mo fi ọmọ sí. Dìde, ọmọ mi. Èmi kọ́ ni ìwọ yóò bẹ̀."

Ní ilé-ìwé, wọ́n pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí iwájú ọ̀gá. Cecilia sunkún, ó ní, "Sà, Ìbíjọkẹ́ ni olórí wa. Ohun tó bá sọ ni a ń ṣe." Ìbíjọkẹ́ yíjú wò ó. Ó ń wá ọ̀rẹ́ tó tìtorí rẹ̀ sọ ẹbí nù, kò sì rí i níbẹ̀. Inú bí i, ṣùgbọ́n bí ó ti fẹ́ jiyàn, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ tán.

"Òótọ́ ni, sà," ni ó wí. "Èmi ni olórí. Wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbà. Tíṣà bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo purọ́."

Wọ́n jẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níyà. Wọ́n gba gbogbo ipò lọ́wọ́ Ìbíjọkẹ́, wọ́n sì ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jáde lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Láti ìgbà náà, bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Ṣé létí odò náà ni?" Ẹ̀rín á sì sọ.

Àpìkẹ́ kò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná, ẹsẹ̀ náà kúrú ju èkejì lọ. Bàbá rẹ̀ mú un padà sí Òṣogbo. Kò dágbére fún Ìbíjọkẹ́.

Nígbà ìsinmi, Ìbíjọkẹ́ bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun lọ sí Òṣogbo. Ó kó gbogbo ìwé tí wọ́n ti kọ́ ní kíláàsì nígbà tí Àpìkẹ́ kò sí, ó wọ ọkọ̀ lọ. Inú ilé kan lẹ́yìn Ọjà Ọba ni ó bá a, ó jókòó sórí àpótí, ó ń tú obì kúrò nínú ewé. Nígbà tí Àpìkẹ́ gbé orí sókè tó rí i, ó tún tẹjú mọ́ obì rẹ̀.

Ìbíjọkẹ́ dúró síbẹ̀. Ó ń pọn omi, ó ń gbá ilẹ̀, ó ń bá wọn tú obì. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò tẹ́ ìwé sílẹ̀, yóò máa kà á sókè, yóò ṣe ìṣirò lórí síléètì bí ẹni tí ń kọ́ ara rẹ̀. Àpìkẹ́ kò dá sí i. Ó di ọjọ́ kan, Ìbíjọkẹ́ ṣi ìṣirò kan ṣe, Àpìkẹ́ sì na ọwọ́, ó pa á rẹ́, ó ṣe é bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ni ó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má purọ́ fún mi. Kí ni mo ṣe fún yín?"

Ìbíjọkẹ́ gbé síléètì sílẹ̀. "O kò ṣe nǹkan kan," ni ó wí. "Ojú ayé ni mo ń wò. Mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi èmi náà ṣẹ̀sín. Mo rò pé bí mo bá jìnnà sí ọ, wọn yóò fẹ́ràn mi." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo tọrọ àforíjì. N kò sọ pé kí o gbàgbé."

Àpìkẹ́ tún mú obì kan, ó tú u kúrò nínú ewé. Ariwo ọjà ń bọ̀ láti ìta, àwọn alárù ń pe "Àgò! Àgò!"

"Mo ti dárí jì yín," ni ó wí. "Màmá ló bẹ̀ mí nígbà tí mo wà lórí ibùsùn, mo sì ti ṣèlérí fún wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde láàárọ̀ tí mo tẹ ẹsẹ̀ yìí mọ́lẹ̀, mo tún máa ń bínú. Nígbà náà, mo tún máa ń dárí jì yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí yóò ti máa rí nìyẹn. Bí ẹ bá lè fara dà á, ẹ máa wá."

"Màá máa wá," ni Ìbíjọkẹ́ wí.

Ó sì ń lọ. Gbogbo ìsinmi ni ó ń lọ, títí Àpìkẹ́ fi padà sí ẹ̀kọ́ ní Òṣogbo, tó sì yege nínú ìdánwò àṣekágbá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kò rí bí ti àwọn ọmọ ìyá tí kò já ara wọn kulẹ̀ rí. Ó rí bí egungun tó ṣẹ́ tó sì jinná: ó ṣeé tẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ro ènìyàn bí òjò bá ṣú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ohun tí irọ́ ti bàjẹ́ kí òtítọ́ tó dé, òtítọ́ kò lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Wákàtí díẹ̀ péré ni irọ́ Ìbíjọkẹ́ fi rìn, ó sì gba ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí a bá fi ṣe olórí, kì í ṣe kí ó kọ́kọ́ débẹ̀ ni a fi yàn án, bí kò ṣe kí gbogbo àwọn tó kó lẹ́yìn lè débẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá sì ní kí o fi ẹni tìrẹ sílẹ̀ sójú ọ̀nà kí wọ́n tó gbà ọ́ mọ́ra, mọ̀ dájú pé lọ́jọ́ tí tìrẹ bá dé, ojú ọ̀nà náà ni wọn yóò fi ìwọ náà sí.